Ẹni tó ń ta ọta ló ni ogun: ìtàn Ògèdèǹgbé àti ìbọn Snider

Ní Múṣin níbí, orúkọ Ògèdèǹgbé kì í ṣe àjèjì. Bí ọmọkùnrin kan bá láyà, tí kì í sá fún ìjà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní Agbógungbórò. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọn ò dé Iléṣà rí, tí wọn ò sì lè sọ ìgbà tí ọkùnrin náà gbé ayé. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju méjì lọ: ó jagun, ó sì ní ìbọn. Ó tán.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Àwọn ọmọ tí mò ń sọ yìí, àwọn mìíràn nínú wọn ti mọ bí ìbọn agbélẹ̀rọ ṣe ń rí lọ́wọ́. Bí ìró bá dún lálẹ́ ní àdúgbò wa, gbogbo wa la mọ ohun tá a máa ṣe: ẹni tó ń ta búrẹ́dì á yára pa iná, ìyá á kó àwọn ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á tì. Àwọn tó ń yìn ín rò pé ìbọn ló sọ Ògèdèǹgbé di Ògèdèǹgbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà bó ṣe jẹ́, kí n má fi ibi tó dùn nìkan sílẹ̀ fún yín, nítorí pé ibi tí kò dùn níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Ọ̀rìṣàràyíbí Ògúndámọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Àtòrin, lẹ́bàá Iléṣà, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1822. Ayé tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ayé ìdẹ̀ra. Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ, àwọn jagunjagun tó sá kúrò lápá òkè sì tẹ ibùdó tuntun dó sí Ìbàdàn. Nígbà tí Ògèdèǹgbé fi máa di géńdé, Ìbàdàn ti lé ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní 1840, ó sì ti kọjú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Wọ́n ń kó ìlú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ajẹ́lẹ̀ wọn sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé orí sókè.

Ogun Ìbàdàn mú òun náà lẹ́rú nígbà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mú un yìí náà ló ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Ó rí bí wọ́n ṣe ń to ẹgbẹ́ ogun, bí wọ́n ṣe ń ká ìlú mọ́, bí balógun ṣe ń bọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú. Ìbọn kọ́ ló kọ́kọ́ ní. Ọgbọ́n ló kọ́kọ́ ní.

Nígbà tó padà sílé, ó di ọ̀kan lára àwọn tí Iléṣà gbójú lé. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn wá ká Iléṣà mọ́ ní 1867. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dó tì í. Ebi pa ará ìlú débi pé kò sí ohun tí wọn ò jẹ tán. Ní 1870, ìlú fọ́. Ògèdèǹgbé ráyè sá lọ, ó sì gba apá ìlà oòrùn lọ.

Ibi tí àwọn tó ń yìn ín kì í fẹ́ kéèyàn dé nìyí. Àwọn ọdún tó lò ní agbègbè Àkókó, Ìdóàní àti títí dé ẹ̀bá ilẹ̀ Ìbíní, kì í ṣe olùgbàlà ló jẹ́ fún àwọn ará ibẹ̀. Ó kó wọn lógun bí Ìbàdàn ṣe kó Iléṣà. Àwọn tó mú, ó tà lára wọn, ó sì fi lára wọn kún agbo ilé rẹ̀. Bí iṣẹ́ ogun ṣe rí nígbà náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú kò mọ ìyàtọ̀ láàárín akọni àti olè. Ọmọ tí ogun mú lẹ́rú ti dàgbà, òun náà sì ń mú ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú.

Ọ̀rọ̀ wá yí padà ní 1878. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti sú àwọn ará Èkìtì. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú yòókù pé kí wọ́n dìde. Wọ́n dìde lóòótọ́. Ìlú tí kò jẹ́ gbọ́ ti ara wọn tẹ́lẹ̀ para pọ̀, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, Ìjẹ̀ṣà sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kì í ṣẹ́gun. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, lẹ́bàá Ìkìrun, Ìbàdàn na àwọn àti àwọn ará Ìlọrin tó bá wọn lọ nínà burúkú. Àwọn tó ń sá já sínú odò Ọ̀tìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun yẹn ní Jálumi títí dòní.

Lẹ́yìn Jálumi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ògèdèǹgbé. Kò tètè dá wọn lóhùn. Ó mọ Ìbàdàn ju gbogbo wọn lọ, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń pè é wá ṣe. Nígbà tó wá gbà, Fábùnmi, tó dá iná ogun náà, fi ipò olórí sílẹ̀ fún un nítorí pé àgbà ni. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn náà. Ọ̀dọ́ tó láyà tó bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó sún sẹ́yìn fún ẹni tó gbọ́n jù ú lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ogun méjèèjì wá dó kojú ara wọn láàárín àwọn òkè, Ìbàdàn ní apá Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ ní apá Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè méjèèjì ló sọ ogun náà ní Kírìjì.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa irinṣẹ́ ogun. Ìbọn ṣakabùlà ni Yorùbá ń lò títí di ìgbà náà. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sí i, wọ́n á ki ọta lé e, wọ́n á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, kí wọ́n tó wá dáná sí i. Gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ìdúró, níwájú ọ̀tá tó ń wò ọ́. Tó bá kọjá nǹkan bí ọgọ́rùn-ún yáàdì, orí ló kù tó ń ṣe é. Bí òjò bá rọ̀, ẹ̀tù ti bàjẹ́ nìyẹn.

Snider yàtọ̀. Ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tí wọ́n fi dira ogun fún àwọn ṣọ́jà wọn láti ọdún 1866. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, ló ronú ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tún ìbọn Enfield àtijọ́ ṣe, kó má jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n á ti máa ki í mọ́. Wọ́n gé ìdí ìbọn náà, wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin kékeré kan sí i tó ń ṣí sápá ọ̀tún. Ṣọ́jà á ṣí i, á ti ọta kan wọlé, á pa á dé, á sì yìn ín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹni tó ń fi ọ̀pá kì í á ṣì wà lórí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Èèyàn lè dùbúlẹ̀ sí ìdí òkúta, kó máa ki í, kó máa yìn ín, ọ̀tá ò sì ní rí i. Ó sì ń ran ọ̀nà jíjìn ju ṣakabùlà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Snider fúnra rẹ̀ kú lọ́dún 1866 yẹn náà, kò jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rárá.

Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ìbọn mìíràn tó dára jù ú lọ, Martini-Henry, wọ́n sì ń kó Snider kúrò lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà wọn. Ìbọn tí ọba òyìnbó kò fẹ́ mọ́, inú ọjà ni wọ́n ń kó o sí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba ojú òkun dé Èkó.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kan ń gbé ní Èkó nígbà náà. Àwọn tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí, tí ọkọ̀ ojú omi gbà wọ́n sílẹ̀ sí Sẹ̀rálíónì, tí wọ́n sì padà wálé ní Sàró, wà nínú wọn. Oníṣòwò ni wọ́n, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọ́n mọ ìwé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n fi owó ṣọwọ́ sílé, wọ́n sì fi ìbọn tẹ̀lé e. Gúréjé Thompson àti Lábírìnjó tiẹ̀ gbéra kúrò ní Èkó, wọ́n lọ sí ojú ogun fúnra wọn, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe ń lo Snider. Ọ̀nà tí ìbọn náà gbà kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá. Ojú ọ̀sà ló gbà lọ sí ìlà oòrùn, ó gúnlẹ̀ lápá Ayésàn, ó sì gba Oǹdó wọlé. Ọ̀nà tí Gómìnà Glover ti là ní 1872 nìyẹn. Ìbàdàn ní tirẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti sé ọ̀nà òkun mọ́ ọn.

Báyìí ni ogun ṣe yí padà. Ìbàdàn tí kò mọ̀ ju kó ya lu ọ̀tá lọ, tó ń fi ọ̀pọ̀ èèyàn àti ìgboyà jà, wá rí i pé ìgboyà ò dí ojú ihò ọta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò, wọ́n ń mọ ògiri sí iwájú àgọ́ wọn. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò wọn, tó jáde nílé pẹ̀lú ìgbéraga, kú sí ibùdó ní 1885. Kò padà rí ilé.

Bí mo bá dánu dúró síbí, àwọn ọmọ àdúgbò wa á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní mo ṣáà ti sọ ohun táwọn ń sọ tẹ́lẹ̀, pé ìbọn ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún tí ogun náà fi jà. Àwọn òpìtàn ń kà á sí ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 títí dé 1893. Snider dá Ìbàdàn dúró, òótọ́ ni. Kò lé Ìbàdàn lọ. Nígbà tó yá, Ìbàdàn náà rà tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dó sí Kírìjì ti di ẹni tó lè gbé ìbọn kí wọ́n tó tú àgọ́ ká. Ibùdó ogun di ìlú, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n dáko, wọ́n sin òkú, wọ́n tún bímọ síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí kí àwọn èèyàn máa fi ọkàn sí. Ṣakabùlà, ilé ni a ti lè tọ́jú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wa lè tún un ṣe bó bá bàjẹ́, ó lè rọ irin pélébé-pélébé tí wọ́n á lò bí ọta. Ọta Snider kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ike idẹ ni ẹ̀tù àti òjé rẹ̀ wà, ẹ̀rọ ló sì ń ṣe é. Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí, ni wọ́n ti gbé irú ọta náà jáde. Alágbẹ̀dẹ Iléṣà kò lè ṣe é. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ọmọ ogun Ògèdèǹgbé bá yìnbọn, owó ló yìn dà nù, ó sì gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó kó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Owó yẹn, ibo ló ti ń wá? Lára rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà ní Èkó. Lára rẹ̀ wá láti inú èèyàn tí ogun kó. Wọ́n ń ta èèyàn kí wọ́n lè ra ọta, wọ́n sì ń fi ọta kó èèyàn tí wọ́n máa tà.

Ẹni tó ń ta ọta ló ni ogun. Ẹni tó gbé ìbọn kàn ń bá a jà á ni.

Ẹ wo bó ṣe parí. Ní 1886, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bá wọn ṣe àdéhùn. Sámúẹ́lì Johnson, tó padà kọ ìtàn Yorùbá, àti Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Wọ́n gbà pé kí àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀ dá dúró, wọ́n sì fi iná sun ibùdó Kírìjì. Àmọ́ ìfura kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun lọ sílé pátápátá. Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní Brussels, wọ́n sì fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ta ìbọn ìgbàlódé fún ọmọ Áfíríkà mọ́, àfi ṣakabùlà. Wọ́n ti ta tiwọn, wọ́n ti jèrè tiwọn, wọ́n sì wá ti ilẹ̀kùn. Lọ́dún 1892, wọ́n kógun ja Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ìbọn Maxim, arọ̀jò-ọta tí Yorùbá kankan kò ní. Nígbà tí ìròyìn ìyẹn dé àwọn ìlú yòókù, gbogbo wọn ti mọ̀ pé Snider ti di ṣakabùlà. Nígbà tí Gómìnà Carter rin ìrìn-àjò lọ sókè ní 1893, tó ní kí wọ́n tú ká, wọ́n tú ká.

Lọ́dún kejì rẹ̀, 1894, Captain Bower, òyìnbó tó ń ṣàkóso láti Ìbàdàn, mú Ògèdèǹgbé. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò jẹ́ kí ìlú sinmi, wọ́n ń jí ẹrù gbé, wọ́n ń da ọjà rú. Kò jọ pé irọ́ ni. Ọmọ tó ti fi ìbọn jẹun fún ọdún mẹ́rìndínlógún, kí ló fẹ́ padà lọ ṣe nílé? Wọ́n mú ọ̀gágun tí Ìbàdàn kò lè mú, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ ní Ìwó, ní abẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn. Kò sí ìbọn kan tó dún láti gbà á sílẹ̀.

Wọ́n padà tú u sílẹ̀, ó sì wá sílé. Ibi tí mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí jù lọ nìyí. Ipò ọba Ìjẹ̀ṣà kò jìnnà sí i bó bá fẹ́ ẹ, àwọn èèyàn sì fẹ́ kó jẹ ẹ́. Kò jẹ ẹ́. Ó jẹ oyè Ọbańlá, ó jókòó ti Ọwá, ó ń dá sí ọ̀ràn ìlú, ó ń la ìjà. Ẹni tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ fọ́ ìlú wá fi ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ tún ìlú ṣe. Ní July 29, 1910, ó kú sórí ibùsùn rẹ̀ ní Iléṣà. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni o, kì í ṣe ilé ìbọn.

Kí ni èyí wá kàn wá ní Múṣin? Ó kàn wá gan-an. Múṣin kì í ṣe ọmọ ìkókó nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. Nígbà rúgúdù ìbò Ìwọ̀ Oòrùn, láti ìparí 1965 wọ 1966, abẹ́ ìjọba Ìbàdàn la wà, iná náà sì jó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1977, àwọn ṣọ́jà ya bo ilé Fẹlá lójú títì Àgége Mọ́tọ̀ Róòdù pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì dáná sun ún. A ti mọ ohun tí ìbọn ìjọba lè ṣe. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa nísinsìnyí ni a kò tíì bi ara wa ní ìbéèrè nípa rẹ̀ tó.

Ìbéèrè náà kò le. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò ní iṣẹ́, tí kò ní owó ilé, ta ló ń ra ọta fún un? Irin paìpù ni wọ́n fi ń ṣe ìbọn agbélẹ̀rọ, welder lè jó o pọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọta rẹ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe ọta. Ẹnì kan ló kó o wọlé, ẹnì kan ló tà á, ẹnì kan ló sanwó rẹ̀. Ẹni tó sanwó yẹn kì í sùn ní àdúgbò tí ìró ìbọn ti ń dún. Bí ìdìbò bá ti lọ tán, tàbí bí ìjà gáréèjì bá ti rọlẹ̀, á gbàgbé ọmọ náà, ọlọ́pàá á wá kó o. Bí wọ́n ṣe ṣe Ògèdèǹgbé ní 1894 nìyẹn, òun sì ni ọ̀gágun àgbà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ń rí àwọn ọmọ yìí lójoojúmọ́: ẹ má máa béèrè ìbọn nìkan. Ẹ béèrè ọta. Ẹ wádìí ẹni tó ń gbé e wá, ẹ sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dé etí gbogbo àdúgbò, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ̀yin ọlọ́pàá náà, mímú àwọn ọmọ kéékèèké káàkiri òpópónà nìkan kò tó, nígbà tí ẹni tó ń pín ọta ṣì ń gun mọ́tò olówó ńlá kiri.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jẹ́ Agbógungbórò, orúkọ náà dára, mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ni ín délẹ̀délẹ̀. Ìbọn tó gbé fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òyìnbó ló ṣe é, òyìnbó ló tà á, òyìnbó náà ló sì wá mú un. Ọgbọ́n tó fi tún ìlú rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ alẹ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀.